Root kún, /home ṣófo: báwo ni mo ṣe lè tún díìsìkì pín láì pàdánù ohun tó wà nínú ẹ̀?

Ọmọ_Olóríkì (Sátidé, 9:12 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín kí n tó fọwọ́ kan nǹkan tí mi ò ní lè tún ṣe mọ́.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo ní nílé n'Íbàdàn. Linux Mint 21 ló wà lórí ẹ̀, RAM 8GB, hard disk 500GB kan ṣoṣo. Nígbà tí mo fi Mint sí i, àlàyé àtijọ́ kan tí mo rí ni mo tẹ̀ lé: ó ní kí n fún root (ìpín tí ètò kọ̀ǹpútà wà) ní 30GB, swap (àyè tó ń ran RAM lọ́wọ́) 8GB, kí n wá fi ìyókù ṣe /home (ibi tí fáìlì tèmi wà). Root ti kún báyìí. Ìkìlọ̀ pé àyè ti tán kì í dákẹ́, update ò ṣeé ṣe mọ́, lánàá gan-an kọ̀ǹpútà ò jẹ́ kí n wọlé, àfìgbà tí mo pa àwọn nǹkan kan rẹ́ láti terminal. Bẹ́ẹ̀, àyè tó wà ní /home pọ̀ jọjọ. Ohun tí lsblk, àṣẹ tó ń fi ìpín díìsìkì hàn, sọ nìyí:

sda 465.8G
sda1 512M vfat /boot/efi
sda2 27.9G ext4 /
sda3 7.5G swap
sda4 429.9G ext4 /home

Nínú /home, 212G ni mo tíì lò. Mo ṣí GParted, ètò tí wọ́n fi ń pín díìsìkì, pé kí n fa sda2 gùn, kò gbà. Swap ló dí i lọ́nà, /home sì wà lẹ́yìn swap.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: inú /home yẹn ni ohùn ìyá mi wà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gba ohùn wọn sílẹ̀, oríkì ìdílé wa, àlọ́, ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìletò wa dó. Wọ́n ti dolóògbé. Kò síbi tí mo ti lè tún un gbà. Mo ní Timeshift tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣé ìyẹn tó láti fi ṣe ẹ̀dà kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ (Sátidé, 9:40 àárọ̀)

Kò le rárá. Ẹ gbé GParted Live sórí fláàṣì, kí ẹ fi tan kọ̀ǹpútà. Ẹ dín /home kù láti apá òsì, 60GB ti tó. Ẹ sún swap sápá ọ̀tún kó fara mọ́ /home. Àyè tó ṣófo á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ root, ẹ fà á gùn, ẹ tẹ Apply. Èmi ṣe é lọ́dún tó kọjá. Mo gbé e sílẹ̀ kí n tó lọ sùn, nígbà tí mo máa jí ó ti parí. Fáìlì kankan ò sọnù.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ̀ọ́ (Sátidé, 10:25 àárọ̀)

Ọmọ mi, ẹ má tíì tẹ Apply kankan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí ẹ sọ ṣeé ṣe, mi ò jiyàn ẹ̀, àmọ́ ẹ fo ohun tó léwu jù nínú ẹ̀.

Tí ẹ bá dín ìpín kan kù láti apá ọ̀tún, ìrù ẹ̀ lásán lẹ gé. Àwọn fáìlì tó bá wà ní ìrù yẹn nìkan ló máa ṣípò. Tí ẹ bá dín in kù láti apá òsì, ibi tí ìpín yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lẹ yí padà, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ pátá ló gbọ́dọ̀ ṣí lọ síwájú, látorí àkọ́kọ́ dórí ìkẹyìn. 212G nìyẹn. Díìsìkì kan náà ló ń kà, òun náà ló ń kọ. Tí iná bá lọ láàárín, apá kan fáìlì á wà níbi tuntun, apá kan á wà níbi àtijọ́, kò sì sí ètò kankan tó mọ ibi tí wọ́n bá a dé.

Mo sọ ọ́ nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Kọ̀ǹpútà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ni, àbájáde ìdánwò àwọn ọmọ àti fọ́tò ayẹyẹ ọdún mélòó kan ló wà nínú ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣe é. Epo tán nígbà tí iṣẹ́ dé 61%. Nígbà tá a tún tan kọ̀ǹpútà, /home ò ṣí mọ́. Mo lo TestDisk, ìpín tó sọnù nìyẹn mọ̀ ọ́n wá, ìpín tèmi ò sì sọnù, ohun inú ẹ̀ ló ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. PhotoRec ló bá mi kó fọ́tò díẹ̀ jáde, láìní orúkọ, láìní fódà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì tí nọ́ńbà nìkan wà lórí wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣà á. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ra díìsìkì external tàbí kí ẹ yá a. Ẹ sọ ọ́ di ext4 (ọ̀nà tí Linux fi ń to fáìlì sórí díìsìkì), kí ẹ sì kó gbogbo /home lọ síbẹ̀:

sudo rsync -aAXH --info=progress2 /home/ /media/orúkọ-yín/external/eda-home/

Ẹ má gbàgbé ìlà tó wà lẹ́yìn /home/ àkọ́kọ́ yẹn. Tí kò bá sí níbẹ̀, á dá fódà home mìíràn sínú eda-home. Kò ba nǹkan jẹ́, àmọ́ ó máa ń da ènìyàn rú nígbà tó bá fẹ́ dá a padà.

Ọ̀rọ̀ Timeshift: rárá, kò tó. Ètò kọ̀ǹpútà ni Timeshift ń tọ́jú. Bí wọ́n ṣe ṣe é, kì í fọwọ́ kan fáìlì yín tó wà ní /home àyàfi tí ẹ bá fúnra yín sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ìyá yín ò sí nínú ẹ̀.

Ọmọ_Olóríkì (Sátidé, 10:31 àárọ̀)

Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Àyà mi já. Láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé ẹ̀dà wà.

Alátùn-únṣe_Díìsìkì (Sátidé, 11:50 àárọ̀)

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe n'Íkẹjà. Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá sọ, yàtọ̀ sí ibì kan: ẹ má kàn sọ external di ext4 láì ronú sí i. Tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó ń lo Windows bá fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá yín lọ́jọ́ iwájú, Windows ò ní dá ext4 mọ̀, á ní kí wọ́n format ẹ̀, ẹnì kan nínú wọn á sì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Mo ti rí i lọ́wọ́ oníbàárà mi kan. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, NTFS tàbí exFAT. Ohùn àti fọ́tò ò nílò àṣẹ oní-fáìlì tí Linux máa ń kọ sára fáìlì. Àwọn fáìlì ètò tó fara pamọ́, tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró, ló nílò ẹ̀. Ẹ fi tar di ìwọ̀nyẹn pọ̀ sójú kan, tar á pa àṣẹ wọn mọ́ sínú.

Àmọ́ kí a tó sọ̀rọ̀ pé à ń sún ògiri, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó kún yàrá. Ẹ ṣe èyí:

sudo du -xh --max-depth=1 / | sort -h

Lẹ́tà x yẹn ló sọ fún un pé kó má ré kọjá sí /home. Ẹ fi èsì ẹ̀ hàn wá.

Ohun kejì, ẹ wo ìlera díìsìkì fúnra ẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù lé e. Ẹ fi smartmontools sí i (apt á nílò àyè díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe sudo apt clean), kí ẹ wá ṣe sudo smartctl -a /dev/sda. Ẹ wo Reallocated_Sector_Ct àti Current_Pending_Sector, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 0 ni méjèèjì, kò burú. Tí Pending bá ti ní nọ́ńbà, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ìpín, ẹ kó ẹrù yín jáde, ẹ lọ ra díìsìkì tuntun. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé GParted ni wọ́n ń dá lẹ́bi, díìsìkì wọn ló ti ń kú lọ.

Ọmọ_Olóríkì (Sátidé, 1:05 ọ̀sán)

0 ni méjèèjì, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun tí du sọ rèé, mo yọ àwọn kéékèèké kúrò:

/opt 0.5G
/var 5.9G
/timeshift 9.4G
/usr 9.8G

Mi ò mọ̀ pé orí root náà ni Timeshift ń kó nǹkan sí!

Alátùn-únṣe_Díìsìkì (Sátidé, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ ti rí i. Timeshift ló gba ìdá kan nínú mẹ́ta àyè yín. Ẹ má fi rm pa á rẹ́ o. Inú ètò Timeshift fúnra ẹ̀ ni kí ẹ ti pa àwọn àtijọ́ rẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Settings, ẹ yan sda4 kó máa kó wọn síbẹ̀. Kí ẹ sì dín iye tó ń tọ́jú kù, mẹ́ta ti tó.

Nínú /var, ẹ ṣe journalctl --disk-usage, á sọ àyè tí journal, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ètò, gbà. Tó bá ti pọ̀, sudo journalctl --vacuum-size=200M. Kí ẹ tún ṣe sudo apt autoremove --purge kó lè kó àwọn kernel àtijọ́ lọ, àti flatpak uninstall --unused.

Ará_Lọ́ńdọ̀nù (Sátidé, 2:44 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ server ni mo ń ṣe níhìn-ín, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wo àwòrán díìsìkì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo wa là ń sọ pé /home ni ká sún. Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ root lápá ọ̀tún gan-an? Swap ni. Swap ò sì ní nǹkan kan nínú tí ẹnikẹ́ni máa sunkún lé lórí. Ẹ lè pa á rẹ́, kí root gba ilẹ̀ ẹ̀, kí ẹ sì fi fáìlì lásán ṣe swap tuntun sínú /home níbi tí àyè pọ̀ sí. /home ò ní kúrò lójú kan, byte kan ṣoṣo ò ní ṣí nípò. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí nìyẹn.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò fláàṣì. ext4 ṣeé fà gùn nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Dídín in kù ló jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ wà ní pípa. Àmọ́ ẹ ṣe ẹ̀dà yín tán ná. Tẹ́ ẹ bá parí ìyẹn:

Ẹ tọ́jú àwòrán bí díìsìkì ṣe pín sínú fáìlì kékeré kan: sudo sfdisk -d /dev/sda > ~/pinpin-sda.txt. Ẹ da fáìlì yẹn sórí external, ẹ tún fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí fóònù. Tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa ìpín tí kò yẹ rẹ́, fáìlì yìí ló máa sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ẹ ṣí GParted nínú Mint fúnra ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ sda3, ẹ yan Swapoff, lẹ́yìn náà Delete. Ẹ tẹ sda2, Resize/Move, ẹ fa etí ọ̀tún dé òpin. Ẹ wò ó dáadáa pé etí òsì ò kúrò lójú kan. Apply. Kò ní pẹ́ rárá, nítorí pé kò sí fáìlì tó ń rìn.

Swap tuntun:

sudo fallocate -l 4G /home/swapfile
sudo chmod 600 /home/swapfile
sudo mkswap /home/swapfile
sudo swapon /home/swapfile

Lẹ́yìn náà nínú /etc/fstab (fáìlì tó ń sọ ìpín àti swap tí kọ̀ǹpútà máa lò nígbà tó bá ń tàn), ẹ fi # síwájú ìlà swap àtijọ́, kí ẹ wá kọ ìlà tuntun sábẹ́ ẹ̀:

/home/swapfile none swap sw 0 0

Ọ̀rọ̀ àṣírí kan wà nínú gbogbo èyí: àlàyé tí ẹ tẹ̀ lé nígbà yẹn ti pẹ́. Láti Ubuntu 17.04 ni wọ́n ti fi swap oní-ìpín sílẹ̀ fún swap oní-fáìlì tí ènìyàn bá gbà kí installer pín díìsìkì fúnra ẹ̀.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ (Sátidé, 3:10 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n, 7.5G péré lẹ máa fi kún un. Oṣù mélòó ló máa fi tún kún? Ó sàn kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó jẹ́ 90G, kó má tún padà wá. Hibernate (kí kọ̀ǹpútà kọ ohun tó wà nínú RAM sórí swap kó tó kú) ńkọ́? Tí swap bá jẹ́ fáìlì, hibernate á di wàhálà.

Alátùn-únṣe_Díìsìkì (Sátidé, 3:32 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Timeshift kúrò, 9.4G. Journal kúrò, bíi 2G. Swap wọlé, 7.5G. Nǹkan bíi 19G nìyẹn láìsún /home. Fún ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀, tó ń tẹ́tí sí ohùn, tó sì ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, root 35G tí ẹnikẹ́ni ò kó snapshot (ẹ̀dà Timeshift) sínú ẹ̀ á tó o lò fún ọdún gbọọrọ. Orí tábìlì ni kọ̀ǹpútà ẹ̀, mi ò rò pé ó ń lo hibernate. Ẹni tó bá ń lò ó ló yẹ kó fi swap oní-ìpín tó tó RAM ẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ yẹn ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà.

Onílù_Ọ̀yọ́ (Sátidé, 5:18 ìrọ̀lẹ́)

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ dín /home kù tí kò fẹ́ràn GParted, ó lè fi ọwọ́ ṣe é. Mo máa ń ṣe báyìí láti fláàṣì: e2fsck -f /dev/sda4, lẹ́yìn náà resize2fs /dev/sda4 300G, lẹ́yìn náà parted, resizepart 4 300GB. Ó parí.

Ará_Lọ́ńdọ̀nù (Sátidé, 5:41 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni má da èyí kọ! Onílù, mo mọ̀ pé ọkàn rere lẹ fi sọ ọ́, àmọ́ nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tó lè pa díìsìkì ẹlòmíràn.

Àkọ́kọ́, 300G ti resize2fs àti 300GB ti parted kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. resize2fs ń fi 1024 ṣírò, parted ń fi 1000 ṣírò tí ẹ bá kọ GB. 300G ti resize2fs jẹ́ 322GB lójú parted. Ẹ ti wá gé ìpín ní 300GB, ó túmọ̀ sí pé 22GB tó kẹ́yìn nínú fáìlì yín wà lóde ògiri.

Ìkejì, nọ́ńbà tí ẹ kọ sẹ́yìn resizepart kì í ṣe títóbi ìpín, ibi tí ìpín parí sí ni, kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀ díìsìkì. sda4 ò bẹ̀rẹ̀ lórí 0, ohun tó lé ní 38GB ló ti wà níwájú ẹ̀. Nítorí náà ohun tí ẹ máa gé tún ju 22 lọ.

Tí ènìyàn bá máa fọwọ́ ṣe é, kó dín ohun inú ìpín (filesystem) kù ju bó ṣe fẹ́ lọ, ká ní 280G, kó wá gé ìpín síbi tí àyè ṣì wà, kó sì fi GiB kọ nọ́ńbà nínú parted. Lẹ́yìn náà kó ṣe resize2fs /dev/sda4 láìkọ nọ́ńbà kankan sẹ́yìn ẹ̀, á fẹ̀ kún ìpín náà fúnra ẹ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹ̀ nìyí: tí ẹ bá ń dín in kù, ohun inú ló kọ́kọ́ kéré kí ògiri tó wọlé. Tí ẹ bá ń fẹ̀ ẹ́, ògiri ló kọ́kọ́ jáde. GParted ń bá yín ṣe gbogbo èyí láìṣì í ṣe, ìdí tí mo fi ń lò ó nílé nìyẹn bí mo tilẹ̀ mọ àṣẹ wọn.

Àti pé ext4 là ń sọ o. Tó bá jẹ́ XFS, ẹ lè fẹ̀ ẹ́, ẹ ò lè dín in kù báyìí.

Onílù_Ọ̀yọ́ (Sátidé, 6:02 ìrọ̀lẹ́)

Òótọ́ lẹ sọ. Díìsìkì òfìfo ni mo máa ń ṣe é lé, ìdí tí nǹkan kan ò fi tíì hàn sí mi nìyẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ ṣe àtúnṣe ẹ̀. Ẹnikẹ́ni má lo ohun tí mo kọ sókè.

Ará_Àjàṣẹ́ (Sátidé, 8:15 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ láti Porto-Novo. Ọ̀rọ̀ swap yẹn wù mí, mo fẹ́ ṣe é sórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí mo ní. Àmọ́ ti èmi, Windows wà ní sda1 àti sda2, sda4 jẹ́ extended, inú ẹ̀ ni sda5 tó jẹ́ swap, sda6 root, sda7 /home. Ṣé kí n ṣe bákan náà?

Ará_Lọ́ńdọ̀nù (Sátidé, 8:50 alẹ́)

Rárá, ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Swap tiyín wà lápá òsì root. Tí root bá máa gba ilẹ̀ yẹn, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí padà, gbogbo ohun inú ẹ̀ á rìn, ewu tí Ìyá Ẹlẹ́kọ̀ọ́ sọ yẹn gan-an ni. Swap tó wà lápá ọ̀tún root nìkan ni ọ̀nà yìí dára fún.

Òmíràn tún wà: MBR (ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín díìsìkì) ni tiyín, sda5 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú extended. Tí ẹ bá pa sda5 rẹ́, sda6 á di sda5, sda7 á di sda6. Tí fstab yín bá fi UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan) kọ ọ́, kò séwu níbẹ̀. Àmọ́ GRUB (ètò tó ń tan Linux) lè máa wá nọ́ńbà àtijọ́, kí ẹ wá bára yín lójú grub rescue. Ẹ ní fláàṣì Live lọ́wọ́, ẹ fi í tan kọ̀ǹpútà, ẹ gbé root sórí /mnt, kí ẹ wá ṣe sudo grub-install --boot-directory=/mnt/boot /dev/sda.

Ní tòótọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi swap yẹn sílẹ̀, kí ẹ kàn kó ohun tó wúwo kúrò lórí root.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú (Sátidé, 9:07 alẹ́)

Kí n fi tèmi kún un fún ará Àjàṣẹ́ nítorí Windows. Tí ẹ bá tìtorí àyè fẹ́ gé lára Windows, inú Windows ni kí ẹ ti gé e, nínú Disk Management, ẹ má fi GParted ṣe é. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ẹ kọ powercfg /h off, kí ẹ sì pa kọ̀ǹpútà pátápátá. Fast Startup máa ń jẹ́ kí Windows dà bí ẹni tó sùn, kò kú, ìpín ẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Tí BitLocker bá wà níbẹ̀, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà ẹ̀ sílẹ̀ sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà níta kọ̀ǹpútà ara ẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ̀ọ́ (Àìkú, 3:30 ọ̀sán)

Ọmọ Olóríkì, ẹ ṣì wà níbẹ̀? Ṣé ẹ̀dà ti parí?

Ọmọ_Olóríkì (Àìkú, 9:46 alẹ́)

Mo wà níbẹ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn fún yín.

Mo ra external 1TB lánàá. exFAT ló wà lórí ẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí Alátùn-únṣe ṣe sọ. Ohùn, fọ́tò àti ìwé ni mo fi rsync kó, mo fi -rt rọ́pò -aAXH nítorí pé exFAT ò lè gba àwọn àṣẹ fáìlì yẹn. Àwọn fáìlì ètò, mo fi tar dì wọ́n. Ó gba wákàtí méjì àti ààbọ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan láàárín ẹ̀, àmọ́ ìnfátà gbà á. Mo tún rsync yẹn ṣe lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú -rtncv kó lè fi ohun inú wọn wéra, kò rí ìyàtọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà ni mo wá tú ọ̀rọ̀ Timeshift palẹ̀ tí mo sì gbé e lọ sí sda4, mo sì gé journal kù.

Lálẹ́ yìí ni mo ṣe ti swap. Mo tọ́jú pinpin-sda.txt, mo pa sda3 rẹ́, mo fa sda2. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo fẹ́ tẹ Apply, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi parí. Ohun tí df -h sọ nípa root báyìí: títóbi 35G, lílò 14G, àyè 19G, 43%.

Ìṣòro kan ló kù. Nígbà tí mo tún kọ̀ǹpútà tàn, ó dúró fún bí ìdajì ìṣẹ́jú, ó kọ "Gave up waiting for suspend/resume device", lẹ́yìn náà ó wá wọlé dáadáa. Mo ti fi # síwájú swap àtijọ́ nínú fstab. Kí ló tún ń wá?

Ará_Lọ́ńdọ̀nù (Àìkú, 10:03 alẹ́)

Ẹ kú oríire! Èmi ló yẹ kí n ti sọ ìyẹn, mo gbàgbé ẹ̀. Ibòmíràn ṣì wà tí UUID swap àtijọ́ wà: /etc/initramfs-tools/conf.d/resume. Ẹ ṣí i, ẹ yí ohun tó wà níbẹ̀ sí RESUME=none, kí ẹ wá ṣe sudo update-initramfs -u. Tí ẹ bá tún un tàn, kò ní dúró mọ́.

Ọmọ_Olóríkì (Àìkú, 10:20 alẹ́)

Ó ti lọ. Ó yára wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́ (Àìkú, 10:31 alẹ́)

Inú mi dùn sí i. Mo gbà báyìí pé ọ̀nà tiyín ló dára jù fún un. Oríire ni tèmi lọ́dún tó kọjá, iná ò lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ̀ọ́ (Ajé, 6:55 àárọ̀)

Ọpẹ́ ni. Nǹkan kan ló kù, ọmọ mi. External yẹn, ẹ má tọ́jú ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Olè tó bá kó ọ̀kan á kó èkejì, òjò tó bá jò sórí ọ̀kan á jò sórí èkejì. Ẹ ra ìkejì nígbà tí owó bá wà, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíràn. Ẹ sì ṣí fáìlì mélòó kan láti orí ẹ̀, ẹ gbọ́ wọn, kí ẹ mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Olóríkì (Ajé, 8:40 alẹ́)

Àbúrò mi tó wà l'Óṣogbo á wá gbé ọ̀kan lọ lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn tí mo dé láti ibi iṣẹ́, mo yọ external kúrò lára kọ̀ǹpútà tèmi, mo kì í bọ láptọ́ọ̀pù ìyàwó mi, mo sì ṣí oríkì tí ìyá mi kì fún àkọ́bí wa lọ́jọ́ tá a sọ ọ́ lórúkọ. Ó ṣí. Ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí wọ́n fi kì í tán, ó ní kí n tún un ṣe.